Ogunléndé ńkọ́, bí kò bá sí ogun?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ dá sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ bá wọn jà lé lórí díẹ̀, kí wọ́n má bínú sí mi. Àwa olùkọ́ mélòó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde àti àwọn kan ní Jámánì ni a jọ ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama. "Ìyípadà ojú ọjọ́ àti ìṣíkiri" ni àkọlé tí a kọ sórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní kí a máa pe ẹni tí ìyípadà ojú ọjọ́ lé kúrò nílé ní "ogunléndé ojú ọjọ́". Èmi ò fara mọ́ ọn, mi ò sì fara mọ́ àkọlé tiwa náà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká tú ogunléndé wò ná. Ogun lé mi dé. Odindi gbólóhùn ni, ẹnu ẹni tọ́rọ̀ kàn ló sì ti jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé, ẹrù ń bẹ lórí rẹ̀, wọ́n bi í pé kí ló gbé e dé, ohun tó fi dáhùn nìyẹn. Àwọn Jámánì ń sọ pé Flüchtling, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "sá" ni, bí asásálà tiwa. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, refugee, ń wo ibi ààbò tí ẹni náà ń wá lọ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ogunléndé nìkan ló dárúkọ ohun tó lé èèyàn. Ní Rẹ́mọ pàápàá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé: ní nǹkan bí ọdún 1872, nítorí ogun ni àwọn ìlú kan ṣe kóra jọ síbi tó di Ṣágámù lónìí. Bí a bá wá lẹ ojú ọjọ́ mọ́ ọn nídìí, ogun ojú ọjọ́ ló di. Ta ló kó ogun ja ta?

Òfin náà kò ràn wá lọ́wọ́. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1951 lórí ogunléndé sọ ẹni tó ń dáàbò bò: ẹni tó ń bẹ̀rù inúnibíni nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀, ẹgbẹ́ tó wà tàbí èrò òṣèlú rẹ̀. Omi ò sí níbẹ̀. Ioane Teitiota, ọmọ Kiribati, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, sọ fún ilé ẹjọ́ ní New Zealand pé òkun ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn. Wọn ò gbà á, wọ́n dá a padà sílé ní 2015. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n ní New Zealand ò jẹ̀bi, àmọ́ wọ́n sọ ní 2020 pé ọjọ́ lè dé tí dídá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà yóò lòdì sófin. Bí a bá kọ́ ọmọ pé ogunléndé ni, a ti ṣèlérí ohun tí òfin ò tíì fún un.

Ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ tèmi rèé. Ọmọkùnrin kan wọ kíláàsì mi ní sáà tó kọjá, láti etí omi lápá Àbígí lọ́hùn-ún. Mo bi í pé kí ló gbé wọn dé Ìjẹ̀bú-Òde. Kò tilẹ̀ ronú. "Omi ló lé wa dé, mà." Mo dé ilé wọn lọ́jọ́ kan. Yàrá kan ni. Àwọ̀n bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, wọ́n fi í kọ́ ara ògiri, òjé ṣì wà létí rẹ̀ lóríṣiríṣi, eruku ọ̀nà sì ti bò ó. Ọ̀kadà ni bàbá ń gùn báyìí.

Omiléndé, nígbà náà. Ẹnìkan ti kọ̀wé sí mi lábẹ́lẹ̀ pé ó dún bí orúkọ ìnagijẹ. Ó lè dún bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà tí àwọn baba wa gbà hun ogunléndé ni mo gbà hun ún, ọmọ yẹn sì ti sọ ọ́ kí n tó rò ó. Ẹni tí ọ̀dá lé kúrò lágbègbè adágún Chad, ọ̀dáléndé.

Ẹ̀gbọ́n yóò ní ojú ọjọ́ ti wá dà níbẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Ẹ wo Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ. Àwọn kan ní òkun tó ń ga sókè ló fà á, àwọn kan ń nawọ́ sí epo tí wọ́n ń wà. Ẹni tí ilé rẹ̀ wó mọ̀ pé omi ni. Ohun tó lé omi wá gan-an ni ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́. Bí orúkọ bá ti dáhùn, kí ni ọmọ yóò wá béèrè? (Ojú ọjọ́ pàápàá ní ẹjọ́ tirẹ̀: ohun tí àwa ń pè bẹ́ẹ̀ lè yí láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán, nígbà tí àwọn onímọ̀ ń fi 30 ọdún wọn èyí tí wọ́n ń sọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.)

Ní ti ìṣíkiri, kiri inú rẹ̀ ni mo kọ̀. Ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ ní ilé tí yóò padà sí lálẹ́. Ìṣípò ni kí a kọ. Báǹkì Àgbáyé sọ ní 2021 pé ó lè tó mílíọ̀nù 216 èèyàn tí yóò ṣípò nínú orílẹ̀-èdè tiwọn kó tó di 2050. Àwọn wọ̀nyí ò ní dé ẹnubodè kankan. Irú wọn ni àdéhùn Kampala, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ṣe ní 2009 fún àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé nínú orílẹ̀-èdè wọn, rò, ó sì dárúkọ ìyípadà ojú ọjọ́ ní tààrà. Bóyá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Jámánì ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀, Ẹ̀ka 12 nínú àdéhùn Páríìsì ti 2015 lórí ìyípadà ojú ọjọ́ ní kí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ẹ̀kọ́ yìí; ó yẹ kí tiwa náà rìn dé ọ̀dọ̀ wọn.

Lé àti fà ni mo sì fẹ́ kí orí kejì dá lé. Àwọn Hausa tó wà ní Sábó Ṣágámù, obì ló fà wọ́n wá. Kò sẹ́ni tó lé wọn. Ọmọ tó bá ti mọ ìyàtọ̀ méjèèjì lè bá ọmọ Jámánì jiyàn láìwo ìwé.

Ohun kan ló kù tí mi ò rí orúkọ fún. Ìyá bàbá ọmọ yẹn ò bá wọn wá. Ó ṣì wà létí omi, ó ní òun ò lọ síbì kankan. Omi ò tíì lé e, kò sì ṣípò. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu, kó fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ náà ni a ó fi orí kẹta ránṣẹ́ sí Jámánì.