Èsì lórí "ìmúfúyẹ́": ọ̀rọ̀ yẹn ò bá ìbọn ìdíje mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Fáwọn tí ò tíì ka ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa ará Mọ́kọlá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ ní ṣókí. Àbúrò wọn tó wà ní Kánádà ní ráífù ìdíje kan tí wọ́n dìídì ṣe fún un, ó wúwo tó kílò 8, ó wá ń rò ó bóyá kóun dín ìwúwo ẹ̀ kù tàbí kóun fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá wọn ní Mọ́níyà sì jẹ́ àgbà ọdẹ, àbúrò fẹ́ kí wọ́n tú gbogbo àlàyé ẹ̀ sí Yorùbá kí bàbá lè dá sí i. Ẹ̀gbọ́n pe iṣẹ́ yẹn ní "ìmúfúyẹ́ ìbọn". Màmá wa ní Sángo ní "ìgélára" ló dáa jù. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú fúyẹ́. Lẹ́nu ọdẹ, ìbọn tó bá fúyẹ́, ìyìn ni wọ́n fi ń yìn ín, torí èjìká ni wọ́n máa fi gbé ṣakabùlà wọ igbó, wọ́n á sì fi rìn lóru títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí bàbá bá ṣe gbọ́ "ìmúfúyẹ́" báyìí, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ní kó mú un fúyẹ́ jàre, kí ló tún ń dúró dè? Ọ̀rọ̀ yẹn ti dáhùn ìbéèrè kí ẹnikẹ́ni tó ronú sí i, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè gan-an ni àbúrò fẹ́ bi bàbá.

Ìdíje tó ń lọ, F-Class ni wọ́n ń pè é, ará Kánádà kan tó ń jẹ́ George Farquharson ló dá a sílẹ̀, látinú orúkọ ẹ̀ ni F yẹn ti wá. Ńṣe ni wọ́n ń dojú bolẹ̀ yìn ín, ìbọn á jókòó sórí ẹsẹ̀ méjì tó wà lábẹ́ ẹ̀ níwájú (bipod), àmì tí wọ́n ń yìn sì lè jìnnà tó 1,000 yáàdì. Kò sẹ́ni tó ń gbé e rìn nígbó. Ẹ̀ka F-TR tí àbúrò wà, irú ọta méjì tí wọ́n ń pè ní .223 àti .308 nìkan ni wọ́n gbà láyè, ìbọn ò sì gbọdọ̀ ju kílò 8.25 lọ tòun ti awò tí wọ́n fi ń wo àmì àti ẹsẹ̀ méjì ẹ̀. Kílò 8 ni tiẹ̀, òfin ò lé e rárá.

Ìwúwo yẹn ń ṣiṣẹ́ fún un, òun ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa jẹ́ kí bàbá rí. Tí ìbọn bá dún, ọta ń lọ síwájú, ìbọn ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹnì kan nínú wa ní ká pè é ní "ìtapá", èmi ní ká pè é ní ìtaari, torí pé ìbọn tó wúwo kì í gbá èèyàn léjìká bí ẹni tàpá, ńṣe ló ń taari ẹ. Tó bá wá gé kílò 8 yẹn wá sí 6.4, tó sì ń fi ọta kan náà àti ẹ̀tù kan náà yìn ín, agbára ìtaari á fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé. Nínú ìdíje téèyàn máa yìn ní àyìntúnyìn, tó sì máa fẹ́ kí awò padà sójú àmì kan náà lẹ́yìn gbogbo ìró, nǹkan kékeré kọ́ nìyẹn.

"Ìgélára" náà ò kó gbogbo ẹ̀ já. Èèyàn lè dín ìwúwo kù láìgé irin kankan, kó pààrọ̀ ẹsẹ̀ méjì yẹn, kó wá òrùka awò tó tín-ín-rín, kó pààrọ̀ igi ìbọn sí ti carbon fibre, ohun líle tó fúyẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé bárẹ́lì, irin gígùn tí ọta ń gbà jáde, ló fẹ́ gé, kó mọ ohun tó máa san. Bárẹ́lì tó fẹ̀ tó sẹ́ńtímítà 3, tẹ́ẹ bá gé sẹ́ńtímítà 10 kúrò lẹ́nu ẹ̀, nǹkan bí ìdajì kílò lẹ bọ́ sílẹ̀, ó dùn ún gbọ́, àmọ́ eré ọta náà dín kù nìyẹn. Ọta .308 tó bá fi máa dé 1,000 yáàdì, eré ẹ̀ ti ń sún mọ́ eré ìró, tó bá ti wá sábẹ́ ìyẹn kó tó débẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í mì lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí bárẹ́lì wọn fi máa ń gùn.

Èyí tí àbúrò sọ pé ó wù ú jù ni kí wọ́n gbẹ́ ojú ilà gbọọrọ gbọọrọ sí bárẹ́lì lára lóde (fluting) láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó lè fúyẹ́. Fún ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ fún wa o, bárẹ́lì abilà! Gbogbo wa la mọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, kò sẹ́ni tó máa bi wá léèrè ìtumọ̀ ẹ̀, iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ á sì jẹ́ "kíkọ bárẹ́lì nílà". Inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ̀wé pé ilà yẹn á tún jẹ́ kí bárẹ́lì le sí i, kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ẹ bá mú abilà àti olójú dídán tí ìwúwo wọn dọ́gba, abilà ló le jù, torí ó fẹ̀ jù ú lọ. Àmọ́ bárẹ́lì kan náà, kí wọ́n tó kọ ọ́ nílà ló le jù. Irin tó kúrò ti kúrò. Ewu míì tún wà níbẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn tọ́nà, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, ní Agodi Gate, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ṣáàfù, ọ̀pá irin róbótó, tí ilé iṣẹ́ fà nígbà tó tutù hàn yín, tí wọ́n bá gbẹ́ ojú ilà tí irin kékeré tí wọ́n ń pè ní "key" ń wọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, tẹ́ẹ bá gbé e sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́yìn náà, ẹ máa rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, ó ti tẹ̀ díẹ̀, torí pé agbára kan há sínú irin yẹn látìgbà tí wọ́n ti fà á. Bárẹ́lì tí wọ́n ti ṣe inú ẹ̀ tán lè ní irú agbára bẹ́ẹ̀ nínú. Èmi ò ní kọ ọ́ nílà lẹ́yìn tó ti ń yìn dáadáa.

Ní tèmi o, "àdínkù ìwúwo" tó fún orúkọ gbogbogbòò, ọ̀rọ̀ lásán tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ibi tọ́rọ̀ ti wọ́n wa ni ibi tí ìwúwo wà lára ìbọn. Nínú lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n gbé síbí, àbúrò ò ráhùn pé ìbọn wúwo jù, ohun tó kọ ni pé "ẹnu ẹ̀ ń fà mí lọ sílẹ̀". Ẹ tún un kà. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kílò rárá, ọ̀rọ̀ ibi tí kílò jókòó sí ni, ó sì lè jẹ́ pé tí wọ́n bá fi irin díẹ̀ kún ìdí ìbọn, ara á tù ú ju kí wọ́n gé ẹnu lọ. Mo dábàá ojú ìdọ́gba fún ibi téèyàn lè fi ìka kan gbé ìbọn sí tí kò ní í fì síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹ má bínú pé mò ń tẹnu mọ́ ọn, àwọn àgbà wa náà fi ohun tí ìbọn ń ṣe sọ nǹkan lórúkọ, ṣebí ìró ìbọn ni wọ́n fi pe ogun Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, 1877 sí 1893, ní Kírìjí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí àbúrò gbé ráífù yẹn lé orí igi róbótó kan, kó wọn bí ojú ìdọ́gba ṣe jìnnà tó sí ibi tí ìka ti ń fa ìbọn kó lè dún, kó fi ránṣẹ́. Tẹ́ẹ bá sì dé Mọ́níyà, ẹ bá wa bi bàbá ohun tí àwọn ọdẹ ń pe ojú ìdọ́gba yẹn, tí wọ́n bá ti ní orúkọ fún un, màá fa tèmi padà.