Káríà orí Yaris: jórinjórin fẹ́ lu òrùlé ọkọ̀ mi, ṣé kí n gbà fún un?

Ìyá Dẹkọ Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ dẹkọréṣọ̀n ni mò ń ṣe níbí ní Iléṣà: ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà, ibikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ ta aṣọ bo ògiri. Ọkọ̀ tí mo fi ń ṣe é ni Toyota Yaris ọdún 2008, onílẹ̀kùn márùn-ún, èyí tí kò ní búùtù gígùn lẹ́yìn. Òrùlé rẹ̀ dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, kò sí irin kankan lórí rẹ̀.

Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni irin tí a fi ń na aṣọ sẹ́yìn àga ìyàwó. Páìpù onígun mẹ́rin ni, ínṣì kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, méjìlá ni gbogbo rẹ̀. Aṣọ, òdòdó onírọ́bà, iná, gbogbo ìyẹn ń wọ inú ọkọ̀. Irin nìkan ló ń bá mi jà. Bí mo bá tẹ́ àga iwájú sílẹ̀ fún un, ẹnu rẹ̀ á dé ara dáṣíbọ́ọ̀dù, ọmọṣẹ́ mi á wá máa gun ọ̀kadà tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Nígbà tí iṣẹ́ bá wà ní Òsú tàbí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, kórópe ni mo ní láti pè fún irin nìkan, iye tí awakọ̀ náà sì máa ń pè, àfi bí ẹni pé òun ló bí ìyàwó.

Jórinjórin àdúgbò wa ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Ó ní òun á jó káríà fún mi bíi ti bọ́ọ̀sì, òun á lu ihò mẹ́rin sí òrùlé, òun á fi bóòtì dè é, òun á fi sílíkọ̀nì dí ẹnu ihò, omi ò ní wọlé láéláé. "Láéláé" yẹn ló bà mí lẹ́rù. Ọkọ mi ní bí mo bá ti lu ọkọ̀ yẹn, kí n má wulẹ̀ gbé e wálé.

Mo tún rí oríṣi kan tí wọ́n ń polówó lórí fóònù, wọ́n ní gbogbo ọkọ̀ ló wọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Kílóò mélòó ni òrùlé Yaris lè gbé? Ṣé àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ò ní dá mi dúró? Mo fẹ́ máa gbé plywood kan mọ́ ọn, èyí tí à ń tẹ́ sábẹ́ àga ìyàwó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíá, iṣẹ́ ń dúró dè mí ní Erin-Òkè lópin oṣù.

Tísà Oníkọ̀ròlá, Mọdákẹ́kẹ́

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má jẹ́ kó lù ú.

Kọ̀ròlá ni mò ń wà, òrùlé tèmi náà kò ní irin. Káríà ọlọ́pàá méjì ni mo rà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń di etí òrùlé mú níbi tí ilẹ̀kùn ti ń pàdé rẹ̀. (Ọ̀pá méjì ni mo ní o, kì í ṣe ọlọ́pàá. Fóònù mi ló ń bá mi kọ ọ́.) Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ kan tó kọ́ sábẹ́ etí òrùlé, kò sí lílu kankan níbẹ̀. Àràrọ̀mí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà ní Agódi Gate, n'Íbàdàn, ni mo ti rí tèmi, tòkunbọ̀. Àbúrò mi tó ní Yaris fẹ́ yá a, kò wọ̀ ọ́ rárá, etí òrùlé tirẹ̀ kò rí bíi ti Kọ̀ròlá. Nítorí náà "gbogbo ọkọ̀ ló wọ̀" yẹn, ẹ fi etí kan gbọ́ ọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó rà á ni ariwo. Ọ̀pá onígun mẹ́rin máa ń hu tí eré bá ti ń wọ 60. Tí ẹ bá wá bọ́ sí ojú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn níbi tó tẹ́jú, ẹ ò ní gbọ́ rédíò. Èyí tí wọ́n ṣe bí apá bàálù, tí iwájú rẹ̀ rí roboto, dákẹ́ jù ú lọ, ó sì wọ́n jù ú lọ. Bẹ́líìtì tí ẹ bá fi de ẹrù náà máa ń kọrin. Ẹ lọ́ ọ po lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó fà á le, á dákẹ́.

Ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó: ẹrù àpọ̀jù wà lára ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ mú ènìyàn. Ẹrù tó bá ṣe wẹ́kú tí okùn rẹ̀ sì le, èmi ò tíì rí ẹni tó bá mi wí sí i.

Bí òde ìnáwó bá sì ti parí, ẹ tú káríà sílẹ̀. Epo tí à ń rà báyìí kì í ṣe ohun tí à ń fún atẹ́gùn jẹ.

Bàbá Panẹ́ẹ̀lì, Lágere

Ẹ kú àárọ̀ o. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, mò ń sọ, ó ń kọ. Ara ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe níbí n'Ífẹ̀.

Ìyá Dẹkọ, ọkọ yín sọ̀rọ̀ bí àgbà. Jórinjórin yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú, bọ́ọ̀sì ló mọ̀. Irin òrùlé Yaris kò nípọn tó mìlímítà kan. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ wò, á tẹ̀ wọlé. Bóòtì tí ẹ bá dè mọ́ ibẹ̀, gbogbo ìgbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò ló máa fa ihò yẹn fẹ̀ sí i. Sílíkọ̀nì á ya, omi á gba ibẹ̀ wọ aṣọ òkè inú ọkọ̀, ẹ ò sì ní tètè mọ̀, àfìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn tàbí tí iná inú ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò tàn mọ́. Àwọn tó gbé irú rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ìpẹta ti jẹ òrùlé wọn dé orí gíláàsì iwájú. Ohun mìíràn tún wà: àwọn Yaris kan ní báàgì afẹ́fẹ́ tí wọ́n ká pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òrùlé, lókè ilẹ̀kùn. Dírílì ò ní béèrè bóyá ó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọn ẹrù. Ìwé ọkọ̀ ló ń sọ iye tí òrùlé lè gbé. Ti ọkọ̀ kékeré sábà máa ń wà láàrin 50 kg sí 75 kg. Bí ìwé bá ti sọnù, 50 ni kí ẹ dì mú. Ìwọ̀n káríà fúnra rẹ̀ wà nínú 50 yẹn o, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á. Ọ̀pá méjì pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn á tó 5 kg. Páìpù ínṣì kan yín, bó bá nípọn tó mìlímítà kan àbọ̀, mítà kan rẹ̀ á wọn bíi 1.1 kg, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì àbọ̀. Méjìlá rẹ̀ á tó 32 kg. Ẹ fi káríà kún un, 37. Ó gbà á. Plywood ẹsẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́rin, èyí tó nípọn ìdajì ínṣì, á súnmọ́ 20 kg. Ó di 57. Ó ti kọjá.

Ti plywood kì í tiẹ̀ ṣe ti ìwọ̀n nìkan. Atẹ́gùn ń gba àárín páìpù kọjá. Abẹ́ pátákó ló ń bọ́ sí, á sì máa gbé e sókè. Bí ẹ bá wá ti eré láti 50 dé 100, agbára atẹ́gùn yẹn kò di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló máa dà. Ẹ gé pátákó yẹn sí mẹ́rin kó wọ inú ọkọ̀, tàbí kí ẹ fi sílẹ̀ fún onígbọ̀ngàn.

Ẹ ra èyí tó jẹ́ ti Yaris gan-an. Ẹ sọ ọdún ọkọ̀ àti iye ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, torí ti onílẹ̀kùn mẹ́ta lè má wọ ti onílẹ̀kùn márùn-ún. Kí ẹ tó gbé e lé e, ẹ nu etí òrùlé mọ́ tónítóní. Iyanrìn tó bá há sábẹ́ rọ́bà ẹsẹ̀ káríà ló ń ha ọ̀dà. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Àárín ọ̀pá iwájú àti ti ẹ̀yìn sábà máa ń tó 70 cm, ṣùgbọ́n ìwé tó bá káríà wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má mú ẹ̀gbẹ́ kan le tán kí ẹ tó lọ sí ìkejì. Díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, bí a ṣe ń de nọ́ọ̀tù táyà. Tó bá ti le, ẹ di ọ̀pá mú, ẹ mì í tagbáratagbára: ọkọ̀ ni kó mì, káríà ò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ṣí i, kó má máa ha nǹkan kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí ẹ bá kúrò ní Iléṣà tí ẹ dé Òsú, ẹ dúró, ẹ tún fi sípánà kàn án. Rọ́bà á ti jókòó nígbà yẹn, ẹ ó rí i pé ó ti dẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí jù ni dídè. Irin dídán ń yọ̀. Bí ẹ bá tẹ búrékì lójijì, iwájú ni gbogbo rẹ̀ ń sáré lọ, ọlọ́kadà tó wà níwájú yín ló máa gbà á sẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ fi túùbù táyà àlòkù di àwọn irin náà pọ̀ ní ojú méjì, rọ́bà yẹn ò ní jẹ́ kí wọ́n yọ̀ lórí ọ̀pá. Lẹ́yìn náà, bẹ́líìtì kan lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kó yí ọ̀pá po, kó má kàn gba orí ẹrù kọjá. Okùn kan tún gbọ́dọ̀ ti ẹnu irin wá sí ìkọ́ tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ níwájú, òmíràn sí ẹ̀yìn. Okùn rọ́bà oníkọ̀ọ́ tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, ó ń fà. Ẹ má sì kọjá 80.

Àkàndé Ìjàpá

Òṣómàáló! Ẹ kú ìnáwó orí káríà.

Nígbà tí mo ń wa Volkswagen Ìjàpá, gọ́tà wà létí òrùlé, inú gọ́tà yẹn ni ẹsẹ̀ káríà ń jókòó sí, ọ̀rọ̀ parí. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975 náà bẹ́ẹ̀: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́, gbogbo rẹ̀ lókè. Àwọn òyìnbó wá yọ gọ́tà kúrò kí ọkọ̀ lè rẹwà, àwa ló kù tí à ń wá ibi tí a ó fi káríà kọ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ta ló ní kí irin yẹn jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́jọ? Jórinjórin tó fẹ́ lu òrùlé yín náà, irin ni kó gé. Kó gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, kó ki páìpù tó kéré díẹ̀ bọ àárín, kó jó o mọ́ apá kan, kó lu ihò bóòtì sí apá kejì. Ẹsẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, á wọ inú Yaris. Kò sí káríà, kò sí ariwo, ọkọ yín á sì ṣílẹ̀kùn fún yín.

Ìyá Dẹkọ Iléṣà

Bàbá Àkàndé, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin gbogbo, ẹ ṣé o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín.

Ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé mẹ́jọ nínú irin yẹn ló ń dúró lóòró, mẹ́rin ló ń dábùú lókè. Èyí tó ń dábùú ni aṣọ àti iná ń rọ̀ mọ́, aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì sì wúwo. Bí mo bá gé ìyẹn, ṣé kò ní tẹ̀ sílẹ̀ láàrin lójú àwọn àlejò? Mo sì tún ní àkàbà alumíníọ̀mù tí mo fi ń gùn ún, òun náà kì í wọ inú ọkọ̀.

Bàbá Panẹ́ẹ̀lì, Lágere

Á tẹ̀. Àárín gan-an ni ẹrù ti ń fà á jù, ibẹ̀ náà ni ojú ìsopọ̀ á bọ́ sí. Ẹ fi àwọn tó ń dábùú sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Àwọn tó ń dúró lóòró, ẹ gé wọn bí Àkàndé ṣe wí, kí páìpù inú gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí wọ́n má bàa máa fì. Ohun tó máa kù fún òrùlé ni irin mẹ́rin àti àkàbà. Irin á tó 11 kg. Ẹ gbé àkàbà yín sórí òṣùwọ̀n, kì í sábà tó 10.

Ìyá Dẹkọ Iléṣà

Ṣé plywood á wá lè bá wọn lọ báyìí?

Bàbá Panẹ́ẹ̀lì, Lágere

Ìwọ̀n gbà á. Atẹ́gùn ò gbà á. Ẹ gé e.

Tísà Oníkọ̀ròlá, Mọdákẹ́kẹ́

Àǹtí, mò ń lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ẹ bá ya fọ́tò etí òrùlé yín níbi tí ilẹ̀kùn ti ṣí, níwájú àti lẹ́yìn, mo lè fi han àwọn ará Àràrọ̀mí bóyá wọ́n ní ti Yaris. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ fara pamọ́ nínú fọ́tò.

Ìyá Dẹkọ Iléṣà

Mo ti ń yà á lọ. Bàbá, tí Tísà bá rí i rà, ṣé mo lè gbé ọkọ̀ wá sí Lágere kí ẹ bá mi gbé e lé e?

Bàbá Panẹ́ẹ̀lì, Lágere

Ẹ máa bọ̀. Kó má jẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ àwọn onínàáwó ló máa ń kún ọ̀dọ̀ mi. Ẹ gbé irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àkàbà dání pẹ̀lú bẹ́líìtì yín. Káríà òfìfo ò ṣeé fi dán nǹkan wò. Túùbù àlòkù wà níbí, ẹ má rà á.