Òkè tó mú mi rákò ní Shetland

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òkè kan tó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Nígbà tí mo gbọ́ pé òkè tó ga jù ní Shetland, àwọn erékùṣù tó wà ní àríwá Scotland, kò ju mítà 450 lọ, ẹ̀rín ni mo rín. Ronas Hill lorúkọ rẹ̀. Mo ti gun èyí tó ga tó ìlọ́po méjì rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Scotland. Oṣù kẹfà ni, ìgbà tí ilẹ̀ kì í ṣú tán níbẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wa ọkọ̀ dé orí Collafirth Hill, òkè kan nítòsí rẹ̀, a fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Kò sígi, kò sí ọ̀nà gidi. Òkúta pupa ló tẹ́ lọ rẹrẹ. Ẹyẹ ló kọ́kọ́ bá wa jà. Bonxie làwọn ará ibẹ̀ ń pè é, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń yé ẹyin sí, ẹni tó bá sì sún mọ́ ibẹ̀, orí onítọ̀hún ló máa já wá lé. Mo kàn gbọ́ fììì létí, mo ti dọ̀bálẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí, àfìgbà tó kan òun náà. Ẹ na ọ̀pá yín sókè ju orí lọ, torí ibi tó bá ga jù ló máa ń dojú kọ. (Wọn ò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ṣá. Àìsàn ọ̀fìnkìn ẹyẹ pa wọ́n lọ bẹẹrẹ ní 2022.)

Afẹ́fẹ́ wá dé. Orí òkun Atlantic ló ti ń bọ̀, kò sí nǹkan kan tó dá a dúró lọ́nà. Okùn àpò ẹ̀yìn mi ń gbá mi létí, gbà, gbà, gbà. Mo pariwo pe ọ̀rẹ́ mi tí kò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta sí mi, kò gbọ́. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀, ibi tí mo fojú sùn kọ́ ló ń balẹ̀ sí. Nígbà tó yá, a fi ọwọ́ kún un: àgbàlagbà méjì ń rá bí ọmọ oṣù mẹ́jọ, kùrukùru sì ti bo gbogbo nǹkan.

Ibojì àwọn ará àtijọ́ kan wà lórí òkè náà, òkìtì òkúta tó ní ihò kékeré. Ọ̀rẹ́ mi kó wọnú ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èmi dúró. Ẹ gbà mí, kí n fẹsẹ̀ ara mi wọ sàréè? Afẹ́fẹ́ tún gbá mi lẹ́ẹ̀kan, mo ní, "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin onílé," mo rá wọlé. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ bí mo ṣe ń mí.

Fóònù mi ni mo gbójú lé fún máàpù. Omi ti bo ojú rẹ̀, kò mọ ìka mi mọ́. Kọ́ńpáàsì ọ̀rẹ́ mi la tẹ̀ lé, ìlà-oòrùn tààrà, a sì ń ka ìṣísẹ̀ títí a fi rí ọkọ̀. Àwa méjèèjì la jọ fa ilẹ̀kùn kó tó ṣí. Kọ́ńpáàsì tèmi wà lórí ìjókòó, nínú páálí tí mo fi rà á.