Báwo la ṣe lè mọ iye tí ojú irin tàbí ọ̀nà fi kún owó ilẹ̀?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò wa ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 ni owó ilẹ̀ ti ń gòkè lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ṣì ni ọ̀nà tó wọlé. Lánàá, ìyá aláàmàlà wa bọ́ bàtà, ó ru ìkòkò ọbẹ̀ la ẹrẹ̀ kọjá.

A ti dáwó láti tún ọ̀nà náà ṣe, iye kan náà lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Kò tó gọ́tà ẹ̀gbẹ́ kan. Ó sì dùn mí pé iye tí opó tó ní yàrá méjì san ni ẹni tó ní púlọ́ọ̀tì mẹ́wàá san.

Ní Hong Kong, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin wọn, MTR, máa ń gba ẹ̀tọ́ láti kọ́lé sórí ibùdókọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi èrè rẹ̀ ṣe ojú irin. Àwa ò lágbára òfin bẹ́ẹ̀, àdéhùn ara wa nìkan la ní. Ohun tí mo fẹ́ ni pé, bí ẹnikẹ́ni bá ta ilẹ̀, kó dá díẹ̀ padà nínú èrè tí ojú irin tàbí ọ̀nà bá mú wá, ká lè fi ṣe ọ̀nà wa.

Mo ti kó rìsíìtì ilẹ̀ àtijọ́ àti tuntun jọ, mo fi wọ́n wéra. Ibi tí mo há sí ni pé náírà náà ti já wálẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ ìdíyelé ilẹ̀, báwo lẹ ṣe ń ya iye tí ojú irin tàbí ọ̀nà fi kún owó ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ọ̀wọ́n gógó fà?