Ibodè tó ń mọ fífà lára: èsì sí “ihò iṣan dídán tí ìnà ń ṣí”

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká fi “ihò iṣan dídán tí ìnà ń ṣí” pe ojú ọ̀nà tí áyọ́ọ̀nù (èérún kéékèèké tó ní iná mànàmáná lára) ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì iṣan àpòlúkù nígbà tí awọ sẹ́ẹ̀lì náà bá fà. Èmi ń pe ojú ọ̀nà náà ní ibodè. Mo fara mọ́ “ṣí” níwọ̀nba. Ìyókù ò tẹ́ mi lọ́rùn, pàápàá jù lọ “ìnà”.

Lóòótọ́, a ń na ọwọ́, a sì ń na ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ “ìnà” sílẹ̀ lásán, ẹgba ni yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó bá kà á. Èyí tí wọ́n fi gé e kúrú, “ibodè amọnà”, tún burú sí i: ta ni yóò rí i tí kò ní kà á sí amọ̀nà, ẹni tó ń ṣáájú ẹni lójú ọ̀nà? Rọ́bà tí a di lórí àti ìdí mú, a kì í sọ pé ó ń nà. Ó ń fà ni. Fà lọ̀rọ̀ náà. Kìkì pé ká má sọ ọ́ di “ìfà”. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, “ibode ifa” yóò sì di ohun tí babaláwo ń bójú tó. “Fífà” kò ní wàhálà yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń yẹ ibodè yìí wò. Wọ́n á fi iná yọ́ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fà á títí ẹnu rẹ̀ yóò fi kù bíi máíkírómítà kan (ìdá kan nínú mílíọ̀nù mítà). Wọ́n á rọ omi oníyọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á gbé ẹnu rẹ̀ lé awọ sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á sì rọra fa afẹ́fẹ́ láti ẹ̀yìn. Bó bá bọ́ sí i, awọ yóò lẹ̀ mọ́ gíláàsì débi pé ìdènà iná mànàmáná láàárín wọn yóò ju bílíọ̀nù ohm kan lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá fa afẹ́fẹ́ dáadáa, 20 mmHg, 40 mmHg (ẹyọ tí a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́), kí ìwọ̀nba awọ tó wà lẹ́nu gíláàsì lè yọ ikùn sínú, kó sì fà. Bí ibodè kan bá ṣí, iná mànàmáná tó ń gbà á kọjá, tí kò ju píkóáḿpíà díẹ̀ (ìwọ̀n iná tó kéré gan-an) lọ, yóò fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá tì, iná náà yóò já wálẹ̀ bákan náà.

Gíláàsì ni a fà, afẹ́fẹ́ ni a fà, awọ náà fà. Ẹnì kan ti ní kò séwu, pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá wà yóò ṣàlàyé ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ “a fà á ní 20 mmHg”, ohun tí afẹ́fẹ́ ṣe ló kọ. Kò tíì sọ ohun tó dé bá awọ. Òfin Laplace ló so méjèèjì pọ̀: agbára tó ń fa awọ jẹ́ ìfàmu (agbára tí a fi fa afẹ́fẹ́) lọ́nà rédíọ̀sì ibi tí awọ yọ ikùn sí, ká wá pín in sí méjì. 20 mmHg jẹ́ nǹkan bíi 2,670 pascal. Bí rédíọ̀sì náà bá jẹ́ máíkírómítà 1, awọ ń jẹ 1.3 mN/m (mílíníútọ̀nù lórí mítà kan), bó bá jẹ́ 2, ó ń jẹ 2.7. Ìfàmu kan náà, ìyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Awọ sì ni ibodè ń gbọ́ tirẹ̀. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ mmHg. Nítorí náà, mo ní ká pe ti afẹ́fẹ́ ní “ìfàmu”, ká pe ti awọ ní “fífà”, ká sì fi “agbára fífà” sílẹ̀ fún ohun tí a fi mN/m wọ̀n.

“Iṣan dídán” náà kò jọ mí lójú. Kì í ṣe pé iṣan yìí ń dán. Ohun tí wọ́n rí lábẹ́ awò ni pé kò ní ìlà tó wà lára iṣan apá àti ti itan. “Iṣan aláìnílà” bá a mu. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe “aláìkọlà” o. Ìyẹn ti ní oníǹkan. Ní ti àpòlúkù, kò sí àríyànjiyàn: ikùn gbòòrò jù.

Ẹ jẹ́ ká padà sí “ṣí”. Ní 1988, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Kirber, Walsh àti Singer kọ nípa sẹ́ẹ̀lì iṣan àpòlúkù ọ̀pọ̀lọ́, pé ó ní ibodè kan tí fífà awọ ń ṣí, tí sódíọ̀mù, pòtásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù lè gbà kọjá. Inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sinmi wà ní nǹkan bíi 50 sí 60 mílífóltì nísàlẹ̀ òdo. Bí sódíọ̀mù bá ń wọlé, fólítéèjì yóò máa gòkè, àwọn ibodè kálísíọ̀mù tí fólítéèjì ń ṣí yóò wá ṣí. Kálísíọ̀mù tó wà níta sì fi ìlọ́po 10,000, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, pọ̀ ju ti inú. Yóò rọ́ wọlé, iṣan yóò sì súnkì. (Ẹ má kọ “ìsúnkì tí fífà ń fà”, fà kẹrin nìyẹn. “Ìsúnkì tí fífà ń dá sílẹ̀” ló mọ́.)

Bó bá jẹ́ pé èyí nìkan ló wà, “tí fífà ń ṣí” ì bá tó. Ṣùgbọ́n ní 1991, Hisada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nínú sẹ́ẹ̀lì àpòlúkù ọ̀pọ̀lọ́ kan náà, ibodè kan wà tó ń ṣí nígbà tí fólítéèjì bá túbọ̀ lọ sísàlẹ̀, tí fífà sì tún ń kàn án. Fífà kọ́ ni ọ̀gá rẹ̀ nìkan. Ibodè pòtásíọ̀mù tí wọ́n ń pè ní TREK-1, nínú iṣan ìfun ńlá eku, fífà ń ṣí òun náà, àmọ́ pòtásíọ̀mù ló ń jáde, iṣan a sì rọlẹ̀ dípò kó súnkì. Nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn ẹ̀dá mìíràn ẹ̀wẹ̀, a rí èyí tí fífà ń tì. Orúkọ agboolé fún gbogbo wọn ni “ibodè tó ń mọ fífà lára”. “Tí fífà ń ṣí” àti “tí fífà ń tì” jẹ́ ọmọ inú agboolé náà. Mo yan ibodè ju ihò lọ nítorí pé ihò kì í tì.

Ó ku “tì” àti “dí”, tí àbá náà kò yà sọ́tọ̀. Ibodè ló ń ti ara rẹ̀. Gadolíníọ̀mù, irin kan tí wọ́n sábà máa ń lò nínú ìdánwò yìí láàárín 10 sí 100 máíkírómólà, kì í tì í. Ńṣe ló ń dí i. Bí fọ́sífétì tàbí báíkábónétì bá sì wà nínú omi oníyọ̀ náà, wọn yóò gbá gadolíníọ̀mù mú, kò ní sí èyí tó kù láti dí nǹkan kan. Ẹni tí kò mọ̀ yóò wá kọ ọ́ pé “ibodè náà kò ṣeé dí”, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ì bá dí i kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Èyí tó bá sì dé ibẹ̀ lè dí àwọn ibodè kálísíọ̀mù mìíràn pẹ̀lú, nítorí náà, “gadolíníọ̀mù dí i” kò túmọ̀ sí “ó ń mọ fífà lára”.