Ṣé kí n mú màmá mi lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná Ìkógòsì?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Màmá mi ń ta ẹ̀wà àti gààrí ní Adó-Èkìtì, orí ìdúró ni wọ́n ń wà láti àárọ̀. Tí wọ́n bá fi máa délé lálẹ́, ẹsẹ̀ wọn á ti wú débi pé okùn sálúbàtà á ti fa ilà sí i lára. Ìkógòsì ni wọ́n ń tẹnu mọ́. Wọ́n ní nígbà ọmọge àwọn, àwọn jókòó síbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ẹsẹ̀ kan nínú èyí, ẹsẹ̀ kejì nínú ìyẹn. Ó wù mí gan-an kí n tún rí wọn níbẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wa pé ẹsẹ̀ wọn lè má mọ ooru mọ́, pé kí n máa fi ìgbọ̀nwọ́ mi wo omi kí wọ́n tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Egbò kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ wọn tí kò tíì jinná. Èmi fẹ́ ká dúró ná, àwọn ní Sátidé yìí ni.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ láìpẹ́, ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í yọ̀? Ṣé àgbàlagbà lè rìn dé ibi ìpàdé omi náà? Báwo ni kí n ṣe bá wọn sọ ọ́ tí kò fi ní dùn wọ́n?