Ọmọ àlè kọ́, àbísíta ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni arákùnrin wa tó ń kọ ìtàn àròsọ béèrè, àwa la sọ ọ́ di àríyànjiyàn ọlọ́sẹ̀ méjì. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè bá wa lọ: ayé tó fi ọgbọ́n orí dá ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ayé tó jọ ilẹ̀ Yúróòpù ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, ilé olódi, ẹṣin, idà. Olóyè ńlá kan wà níbẹ̀ tí odi rẹ̀ wà létí odò. Obìnrin tó ń lọ ọkà nínú odi náà bí ọmọkùnrin kan fún un. Olóyè kò gbé obìnrin náà níyàwó, ṣùgbọ́n ó gba ọmọ, ó sì tọ́ ọ pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí. Kí ni ká máa pe ọmọ yìí? Arákùnrin wa kọ "ọmọ àlè". Àgbà kan ní kó fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, pé òun ló wà nínú Bíbélì. Ẹlòmíràn mú "ọmọ tí kò bófin mu" wá.

Ẹ jẹ́ ká tètè sin ti ìkẹyìn yìí. Bí mo ṣe kà á, ìrẹsì tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gbà lẹ́nu ibodè Sẹ̀mẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹrù la fi ń sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọmọ èèyàn.

"Ọmọ àlè" ló ní ọ̀rọ̀ nínú. Kí ni àlè? Ẹni tí a ń bá ṣe wọléwọ̀de láìsí ìmọ̀ ọkọ tàbí ìyàwó ilé. Ọmọ àlè gan-an, ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ni ọmọ tí ìyàwó ilé bí fún ọkùnrin mìíràn, tí ọkọ sì ń tọ́ ọ bí ọmọ tirẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ bàbá rẹ̀ kọ́ ni bàbá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi di èébú ọ̀dàlẹ̀, tí a fi ń sọ pé ọmọ àlè ni a ń bẹ̀ tí kì í gbọ́. Ẹni tí kò ní gbòǹgbò nínú ilé tó ń gbé ni à ń wí.

Ọmọ tí arákùnrin wa ń kọ ìtàn rẹ̀ kì í ṣe irú èyí rárá. Gbogbo odi ló mọ bàbá rẹ̀. Ohun tó ṣaláìsí ni ìgbéyàwó. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọge bá lóyún, tó dárúkọ ẹni tó fún un lóyún, tí ẹni náà ní "èmi ni", tó sì wá sọ ọmọ lórúkọ, ọ̀rọ̀ parí. Ọmọ ilé ni.

Mo lọ síbi ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ mi kan ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ọkùnrin kan tó ti tó ẹni 40 ọdún wọlé, tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ kò rí rí. Ìyá àgbà kan gbá a lágbọ̀n mú, ó yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ní, "Iwájú orí bàbá ẹ rèé. Ta ló ku aṣọ ẹbí lọ́wọ́?" Wọ́n bá a rí ọ̀pá márùn-ún. Télọ̀ kò sí nílé, ó kàn ró o mọ́ ara ni, ó sì jókòó láàárín àwọn ọmọ olóòkú. Nígbà tí àwọn àlejò ń béèrè, èsì tí mo gbọ́ kò yí padà: "Bàbá ló bí i síta." Kò sẹ́ni tó pè é lọ́mọ àlè lọ́jọ́ náà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n jókòó pín ilẹ̀, ọ̀kan nínú wọn pè é bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ló bí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí Bíbélì, nítorí àgbà tó mú un wá kò ṣì í sọ. Diutarónómì orí 23 ẹsẹ kejì ní ọmọ àlè kò gbọdọ̀ wọ inú ìjọ Olúwa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀, mamzer, kì í ṣe ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò lọ́kọ. Àwọn amòfin Júù ní ọmọ tí a bí nínú ìbálòpọ̀ tí òfin kà léèwọ̀ pátápátá ni, bíi ti ìyàwó oníyàwó tàbí ti ọmọ ìyá ẹni. Ẹ wá rí i pé "ọmọ àlè" àwọn atúmọ̀ wa sún mọ́ Hébérù ju "bastard", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo wa ń bá jìjàkadì, lọ! Ẹni tó jọ ọmọ inú ìtàn yìí nínú Bíbélì ni Jẹ́fútà, tí panṣágà bí fún Gílíádì, tí àwọn ọmọ ìyàwó ilé lé jáde pé kò ní bá àwọn jogún, tó di olórí àwọn aláìníláárí nílẹ̀ Tóbù, tí ogun wá dé tí àwọn àgbààgbà tún lọ bẹ̀ ẹ́. Mo lọ wò ó. Kò síbi tí wọ́n ti pè é lọ́mọ àlè ní orí náà.

Ní Yúróòpù ìgbà náà, irú ọmọ yìí lè gbé orúkọ ọ̀hún kọ́rùn bí oyè. Òun ni mo fẹ́ fi dán ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí ẹ bá mú wá wò. Ẹ wo Jean, ọmọ Louis olórí Orléans ní Faransé, tí Mariette d'Enghien bí fún un. Wọ́n pa Louis ní Paris ní 1407, nígbà tí ọmọ náà wà ní nǹkan bí ọdún márùn-ún. Valentina, ìyàwó ilé, tọ́ ọ mọ́ àwọn tirẹ̀. Ìtàn sọ pé obìnrin náà ní ńṣe ni wọ́n jí ọmọ yìí gbé mọ́ òun lọ́wọ́, pé nínú gbogbo àwọn ọmọ, òun ló yẹ kó gbẹ̀san bàbá rẹ̀. (Ìyálé wo ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀?) Ní 1415, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Charles, àgbà ọmọ Valentina, lójú ogun Agincourt, wọ́n sì há a mọ́lé fún 25 ọdún. Jean ló wà nílé tó ń ṣọ́ ilẹ̀ ẹbí. Òun ló ń darí àwọn tó ń dáàbò bo Orléans ní 1429 nígbà tí Joan of Arc, ọmọdébìnrin tó wá bá wọn jagun, dé. Orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, tí òun fúnra rẹ̀ ń fọwọ́ sí lábẹ́ ìwé, ni Bâtard d'Orléans, "bastard" ti Orléans. Títí di 1439 tí Charles fún un ní ilẹ̀ Dunois, orúkọ yẹn náà ló ń jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u sí Yorùbá kí n gbọ́. "Ọmọ Àlè Orléans"? Ta ni yóò fi ìyẹn buwọ́ lùwé?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni àbísíta. N kò jókòó dá a sílẹ̀ láti inú òfìfo. Ẹnu àwọn èèyàn ibi ìsìnkú náà ni mo ti gbà á. "Ó bímọ síta" la ń wí lójoojúmọ́. Ẹ fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- kún bí síta, ó parí, bí a ṣe ní àbíkú àti orúkọ àbísọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọmọ ṣíwájú rẹ̀, ọmọ àbísíta yóò jókòó pẹ̀sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ àgbàtọ́, tí kò sẹ́ni tó ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tó wù mí jù lára rẹ̀ ni pé bàbá ló ṣe é. Bàbá ló bí i síta. Ọmọ kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú gbólóhùn yẹn.

Mo ti mọ ohun tí ẹ ó fi ta kò mí. Ẹnìkan ti kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé ó dún bí ẹni ń béèrè ọ̀nà: "Àbí síta?" Mo rẹ́rìn-ín, mo gbà. Ẹlòmíràn ní yóò mú ọmọ ìta wá síni lọ́kàn, àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀. Ọmọ ìta ń gbé ìta; àbísíta lè máa sùn nínú ìyẹ̀wù bàbá rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló sì lágbára jù: pé ọmọ inú ìtàn yìí dàgbà sínú ilé, báwo la ṣe máa fi "ìta" pè é? Òótọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn arákùnrin wa wà. Inú ilé ló ń jẹun, síta ni orúkọ rẹ̀.

Èyí kò sọ pé ká sọ ọmọ àlè nù. Ẹ fi sẹ́nu ọ̀tá. Ní nǹkan bí 1051, William olórí Normandy, àbísíta lòun náà, ẹni tó padà jọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, dó ti Alençon. Wọ́n gbà pé aláwọ ni bàbá ìyá rẹ̀ ní Falaise, ẹni tó ń fọ awọ ẹran. Àwọn ará Alençon so awọ kọ́ ara odi, wọ́n ń lù ú, wọ́n ń pariwo ọ̀rọ̀ awọ mọ́ ọn. Nígbà tó wọlé, ó gé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn tó ṣe é. Irú ibẹ̀ yẹn ni "ọmọ àlè" ti wúlò, níbi tí wọ́n fẹ́ kó dùn ún wọ egungun. Ẹni tó ń pa ìtàn ní tirẹ̀, kó máa wí àbísíta.

Nǹkan kékeré kan nípa orúkọ. Arákùnrin wa fẹ́ kí àwọn àbísíta ayé rẹ̀ ní orúkọ tí a ó fi máa dá wọn mọ̀, ó sì tú FitzRoy sí "Ọmọọba". Ọmọ ọba náà ni ìtumọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Henry Kẹjọ, ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi sọ ọmọ tí Elizabeth Blount, tí kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, bí fún un ní 1519. Àmọ́ bí Yorùbá bá gbọ́ Ọmọọba, ẹni tó lè dé adé ló gbọ́. Àwa kì í fi òrùka ìyá ṣe ìpín àwọn ọmọ ọba. Ní Ìjẹ̀bú, abídàgbà ni wọ́n ń wò, ọmọ tí a bí nígbà tí bàbá ti wà lórí ìtẹ́. Ọ̀rànmíyàn ńkọ́, tí ìtàn Ifẹ̀ ní Ògún àti Odùduwà jọ bí, tí apá kan ara rẹ̀ dúdú tí ìkejì pupa? Ọ̀yọ́ ló lọ tẹ̀ dó. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó wá orúkọ mìíràn, bóyá èyí tó jẹ mọ́ ìta tàbí ẹ̀yìn odi.

"Arákùnrin ìlàjì" tó fi tú "half-brother" ní orí kejì ńkọ́? Rárá o. Èdè wa ti ní i kí àwọn òyìnbó tó dé: ọbàkan ni ọmọ bàbá kan, iyèkan ni ọmọ ìyá kan. Ìyàtọ̀ yẹn sì ń ṣiṣẹ́ nínú ìtàn. Charles tó fún Jean ní Dunois, ọbàkan rẹ̀ ni. William ní tirẹ̀ kò ní ọbàkan tó lè fọkàn tán. Odo àti Robert tó gbé ga, ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí fún ọkọ tó fẹ́ ni wọ́n, iyèkan. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà sílé olórogún mọ èwo nínú méjèèjì ni èèyàn máa ń sá bá.

Ó ku gbólóhùn tó fa ìjà jù, "ó ń wá ìjẹ́-ti", tó fi tú "belonging" ti Gẹ̀ẹ́sì. N kò mọ ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lo ọ̀rọ̀ ìṣe: ó ń wá àwọn tí yóò kà á mọ́ ara wọn, ó ń wá ẹni tí òun bá tan. Tó bá jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ogún, ìdí-igi wà ńlẹ̀. Bí bàbá wa bá kú, iye ìyá ni a ń kà láti pín ogún, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìpín tirẹ̀. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ yẹn kò ní ìdí-igi rárá. Ní 1236, ní Merton, àwọn olóyè kọ̀ jálẹ̀ pé bí bàbá tiẹ̀ padà gbé ìyá níyàwó, ọmọ tó ti wà ṣáájú kò lè jogún, bẹ́ẹ̀ ìjọ Àgùdà ní ó lè jogún. Àbísíta ni níwájú adájọ́ ọba, ọmọ ilé ni níwájú bíṣọ́ọ̀bù. Òfin yẹn wà bẹ́ẹ̀ títí di 1926.

Bí mo ṣe ń wá ọ̀rọ̀ kiri ni mo bá ohun kan pàdé tí n kò retí. Lórí asà àwọn olóyè Yúróòpù, ọ̀pá kan máa ń dábùú asà láti òkè lápá ọ̀tún sí ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ọ̀tún ẹni tó gbé asà dání ni o. Èmi yà á sẹ́yìn ìwé iná mànàmáná, mo kọ́kọ́ yà á sódì. Fún àbísíta, wọ́n sábà máa ń yí ọ̀pá náà kó bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Ní Jámánì ayé àtijọ́ pàápàá, bí olóyè bá fẹ́ obìnrin tí kò tó o, ọwọ́ òsì ló fi ń fà á lọ́wọ́ níbi ìgbéyàwó, àwọn ọmọ kì í sì í jogún oyè. Àwa náà ní ọmọ àlè ló ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀. Ta ló sọ fún ta?

Arákùnrin, fún ìdí èyí, mo bẹ̀ ọ́ nítorí orí kẹta, níbi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n olóyè ti bú u lójú ọjà tí ìwọ sì jẹ́ kó fi ojú ìwé méjì fèsì. Pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Kí ẹni yẹn ní "ọmọ àlè", kí ọmọ náà gbé ẹrù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀, kó sì na ọwọ́ yẹn sí odi létí odò.